Kọ́ńpáàsì Brunton lórí ààrò àtijọ́: ó kúnjú ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ọjà tí a ń yẹ̀ wò ni Brunton Standard Transit, kọ́ńpáàsì alápótí tí àwọn onímọ̀ òkúta máa ń so mọ́ ìbàdí. Kì í ṣe máàpù yíyà la fẹ́ fi ṣe. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó gbára lé láti fi gba ìdúró ààrò, àdògán àti iléru àtijọ́ kí wọ́n tó gé wọn kúrò nílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́-Ilé àti agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, kí iléeṣẹ́ àyẹ̀wò lè ka ibi tí òòfà ilẹ̀ ayé dojú kọ lọ́jọ́ tí iná ibẹ̀ kú, kí wọ́n sì fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ó tó. Nínú márùn-ún, a fún un ní mẹ́rin. Ẹyọ kan tí a yọ, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni, a ó sì dé ibẹ̀.

Irin wà nínú amọ̀ wa, ó sì wà nínú òkúta wa. Bí iná bá gbóná kọjá nǹkan bí 580 dígírì Sẹ́ńtígíréètì, òòfà inú magnetite, ọ̀kan nínú àwọn horo irin yìí, á tú ká pátápátá. Ti hematite, èyí tó ń mú ìkòkò pupa, kò ní tú àfi bí iná bá dé nǹkan bí 675. Bí amọ̀ náà ṣe ń tutù, àwọn horo irin yìí á tún kọjú síbi tí òòfà ilẹ̀ ayé kọjú sí lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á sì gan síbẹ̀ títí iná mìíràn tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ yóò fi dé. Ibi tí òòfà ayé kọjú sí kì í dúró lójú kan. Ní London, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì yà sí ìlà-oòrùn ní nǹkan bí dígírì 11 lọ́dún 1580. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1820, ó ti yà sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí 24. Dígírì 35 láàárín ọdún 240: bí a bá pín in dọ́gba, dígírì kan ní ọdún méje. Ẹni tó bá fi dígírì méjì ṣìnà nídìí ààrò, ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń ṣeré yẹn, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò kankan kò sì lè bá a wá a padà.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Ní apá gúúsù, ilé àti àká tí àwọn èèyàn ìgbà irin ní àfonífojì Limpopo dáná sun ni àwọn onímọ̀ fi mọ bí agbára òòfà ibẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ ní ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn. Ní ìwọ̀-oòrùn, a ní èyí tó ti Mali, Senegal, Burkina Faso àti Ivory Coast wá. Nítorí náà, ààrò kan ṣoṣo tí a gbà dáadáa ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ ní àárín ọdún 1830 sí 1840, wúlò ju ogún ààrò tí a kàn hú dànù lọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́wọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ọjà. Ara Brunton yìí jẹ́ alumíníọ̀mù, kò sí irin nínú rẹ̀ tí yóò fa abẹ́rẹ́. Dígí wà nínú ìdérí, apá gígùn kan wà tí a ń fi wo ọ̀ọ́kán. Gíláàsì roboto kan wà tí afẹ́fẹ́ kékeré ń rìn nínú rẹ̀ láti fi hàn pé àpótí dúró pẹrẹsẹ, òmíràn tó gùn wà fún wíwọn ìdagẹ̀rẹ̀. Òǹkà yípo rẹ̀ jẹ́ dígírì kọ̀ọ̀kan, a sì lè fojú pín in sí ìdajì. Òǹkà ìdagẹ̀rẹ̀ ní òṣùwọ̀n kékeré tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá hàn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́fà dígírì kan. Àwọn tó ń rí i nígbà àkọ́kọ́ máa ń pariwo pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lódì, nítorí E wà lápá òsì N, W sì wà lápá ọ̀tún. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ lódì. Àpótí ló ń yí, abẹ́rẹ́ ló dúró, ibi tí abẹ́rẹ́ bá sì bọ́ sí gan-an ni ẹ máa kà láìṣírò ohunkóhun. David Brunton gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1894, àpótí náà kò sì yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà.

Abẹ́rẹ́ wàyí. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, agbára òòfà ilẹ̀ ń fa ẹnu àríwá abẹ́rẹ́ wọlẹ̀ gidigidi, ó máa ń ju dígírì 60 lọ. Kí abẹ́rẹ́ lè dúró gbọọrọ, àwọn tó ń ṣe é máa ń yí wáyà tín-ínrín mọ́ ẹnu gúúsù kó lè wúwo. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tí òòfà ilẹ̀ ti ń sùn gbalaja gba àríwá Nàìjíríà kọjá, kò jìnnà sí wa, ìdagẹ̀rẹ̀ níbí kò sì ju dígírì mélòó kan lọ. Kò sí ohun tó ń fa ẹnu àríwá wọlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wáyà ẹnu gúúsù ṣì wúwo síbẹ̀. Ẹnu gúúsù á wọlẹ̀, á máa họ ìsàlẹ̀ àpótí, ẹnu àríwá á máa họ gíláàsì. Abẹ́rẹ́ á dúró níbi tó wù ú, ẹni tó ń kà á á sì rò pé àríwá ni.

Kì í ṣe pé ọjà náà bàjẹ́. Ibi tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ ló yàtọ̀ sí ibi tí a ti fẹ́ lò ó. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé agbègbè tí òòfà ti sùn lẹ fẹ́ lò ó sí. Bí ẹ bá ti rà á tán, a lè ṣí òrùka tó di gíláàsì mú, ká fi tíwísà bàbà tàbí ti ike sún wáyà náà sọ́dọ̀ àárín abẹ́rẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, bíi mìlímítà kan lẹ́ẹ̀kan, ká dé gíláàsì padà, ká dán an wò. Ẹ má fi tíwísà irin ṣe é o. Ẹ má sì fọwọ́ kan ṣóńṣó tí abẹ́rẹ́ jókòó lé, òun ni ọkàn gbogbo rẹ̀.

Àǹfààní kan wà níbi tí òòfà ti sùn tí àwọn tó wà lókè òkun kò ní. Gbogbo agbára òòfà wa, tó jẹ́ nǹkan bí 33 ní microtesla (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára òòfà), ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀, kò sí èyí tó ń ṣòfò sísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó dọ́gba máa ń yára mọ àríwá níbí.

Ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ gbé e sórí tábìlì igi tí kò ní ìṣó, kó dúró pẹrẹsẹ. Ẹ ka nọ́ńbà. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ irin sún mọ́ ọn kí abẹ́rẹ́ lè yí kúrò, kí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà jìnnà. Ẹ tún kà á. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí nọ́ńbà bá ń yàtọ̀ ju ìdajì dígírì lọ, ṣóńṣó ti kújú tàbí abẹ́rẹ́ ń họ nǹkan. Ẹ yí àpótí káàkiri kí ẹ wò ó bóyá ẹnu abẹ́rẹ́ méjèèjì ga bákan náà sí òǹkà. Ẹ dé e, ẹ gbọ́ bóyá abẹ́rẹ́ gbéra kúrò lórí ṣóńṣó rẹ̀, nítorí ọ̀kadà láti Ọ̀yọ́ dé Ìgbòho á ba èyí tí kò gbéra jẹ́ kí ẹ tó débẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku lọ̀tá rẹ̀: ẹ má ṣí gíláàsì rẹ̀ nínú oko.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àríwá abẹ́rẹ́ àti àríwá tòótọ́ kò tó dígírì 2 níbí lóde òní. Ẹ má tẹ èyí tí ẹ rí lára máàpù ìjọba àtijọ́ sínú Brunton yín o. Ìyàtọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ tóbi ju tòní lọ, nítorí òòfà ti rìn láti ìgbà náà, ohun tí ẹ sì fẹ́ wádìí gan-an nìyẹn. Ẹ fi IGRF, ìṣirò òòfà ilẹ̀ ayé tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ ti ọdún tí ẹ wà. Ohun tí a máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni kí wọ́n fi òǹkà Brunton sí òdo, kí wọ́n kọ nọ́ńbà bí abẹ́rẹ́ ṣe sọ ọ́, kí wọ́n wá ṣe àtúnṣe nílé. Bí ẹnìkan bá ti ṣe é nínú àpótí tí ẹlòmíràn sì tún ṣe é nínú ìwé, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Bí a ṣe ń gba ààrò. Ẹ wá ibi tó pupa jù, tó le jù, tí gbòǹgbò, ikán àti ọkọ́ kò tíì sún nípò. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, kó kù bíi kùkùté tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tó ga tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ò gbọdọ̀ já. Igi oparun tí a gbẹ́ tàbí ọ̀bẹ bàbà ni kí ẹ fi ṣe é níkẹyìn. Bí ó bá ń rún, ẹ fi sodium silicate tí a pò mọ́ omi, ìdajì sí ìdajì, kán an lórí, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni POP, èyí tí àwọn tó ń ṣe àjà ilé ń lò. Ìlọ́po méjì POP sí omi kan: kílò kan sí ìdajì lítà. Ìyẹ̀fun lẹ ó dà sínú omi, kì í ṣe omi sínú ìyẹ̀fun. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ dà á lé kùkùté náà lórí kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí ẹ fi páálí tàbí amọ̀ tútù mọ odi kékeré yí i ká kó má baà ṣàn lọ. Ẹ gbé pátákó perspex, ike líle tó dà bíi gíláàsì, tí ẹ ti fi ọṣẹ pa lé e. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó ní ọ̀nà méjì tó dábùú ara wọn, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa dọ́gba, kí ẹ sì kúrò nídìí rẹ̀.

Ibi POP yìí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. POP tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń jò ti mu omi, kò ní le mọ́: ẹ po ìkúnwọ́ kan wò kí ẹ tó kúrò nílùú. Bí abọ́ kò bá mọ́, tí ògbólógbòó POP bá ṣì wà lára rẹ̀, tuntun náà á yára le kí ẹ tó dà á. Oòrùn ọ̀sán á tún mú un yára. Abọ́ rọ́bà ni kí ẹ lò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onípẹtà yóò ta ìpẹtà sínú rẹ̀, ìpẹtà sì ní irin. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan pátákó lẹ́yìn tí POP ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, kó yọ ọ́ dànù kó tún òmíràn dà, nítorí pé bí a bá tún un gbé sí ìdọ́gba nígbà náà, kùkùté ti sán nísàlẹ̀.

Bí ó bá ti le, lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, ẹ ṣí pátákó. Òkè rẹ̀ dọ́gba, nítorí náà ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òdo, àríwá nìkan ló kù láti kà. Ẹ gbé Brunton lé e, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú gíláàsì roboto bọ́ sí àárín, ẹ kà á, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí pẹ̀lú ọfà lẹ́nu, ẹ kọ nọ́ńbà, ibi àti àkókò sára POP àti sínú ìwé. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnìkejì kà á pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó gé ìdí rẹ̀. Mẹ́jọ sí méjìlá láti ara ààrò kan ló dára, kí wọ́n má sì jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Àṣìṣe ọwọ́ tó bá jẹ́ dígírì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì dígírì ó lé díẹ̀ bí a bá pa mẹ́wàá pọ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó bá kan gbogbo wọn lọ́nà kan náà, bí ẹni tí fóònù wà nínú àpò àyà rẹ̀ nígbà tó ń kà, kò ní dín kù bí ẹ tilẹ̀ gba ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbé àdá, ìgbànú onírin, fóònù àti ìgò omi onírin jìnnà. Kí ọ̀kadà wà ní mítà mẹ́wàá, ọkọ̀ ní ogún.

Níbi iléru ìyọ́rin, Brunton kò tó. Ìdàrọ́ irin tó wà káàkiri á fa abẹ́rẹ́, kò sì ní fà á lọ́nà kan náà níbi méjì. Oòrùn ni kí ẹ lò. Ẹ ri ìṣó bàbà sínú POP kó dúró gangan, ẹ fa ìlà sí àárín òjìji rẹ̀, ẹ kọ àkókò dé ìṣẹ́jú, kí fóònù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán sọ ibi tí ẹ wà. Ẹ̀yìn èyí, ìṣirò ló kù. Ibi méjì ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣubú. Èkíní, aago Nàìjíríà kì í ṣe aago oòrùn Ọ̀yọ́. Ìlà dígírì 15 ni aago wa jókòó lé, Ọ̀yọ́ sì wà ní nǹkan bí 4. Dígírì 11 tó wà láàárín wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 44, nítorí náà oòrùn máa ń dé góńgó ní nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 44. Ìyẹn gan-an ń yí láàárín ọdún: ó ń súnmọ́ méjìlá kọjá 28 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ó ń dé méjìlá kọjá 58 ní oṣù kejì. Èkejì, oòrùn wa máa ń dúró sórí ẹni. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin àti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ó ń gba orí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá gangan, òjìji á kúrú bíi pé kò sí, á sì máa yí kíákíá. Kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, tàbí lẹ́yìn mẹ́ta ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ni kí ẹ ṣe é.

Fún àpáta, ọ̀rọ̀ kúrú. Gíránáìtì àti àwọn òkúta alálà tó wà ní agbègbè yìí ti dàgbà gan-an, ilẹ̀ ti lọ́ wọn, a kì í sábà mọ bí wọ́n ṣe dúró nígbà tí wọ́n tutù, nítorí náà Brunton á sọ ibi tí wọ́n kọjú sí lónìí, kò ní sọ tìgbà náà. Àwọn òkúta dúdú tó la àárín wọn kọjá bí ògiri ló sàn jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún orí òkè. Ilẹ̀ Ṣàngó la wà: ibi tí àrá bá ti sán lórí àpáta, iná rẹ̀ á gbin òòfà tó lágbára sínú òkúta, tó bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Brunton ló ń fi í hàn. Ẹ mú un rìn lórí àpáta náà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí abẹ́rẹ́ bá ń jó láti ibì kan sí ibì kan, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì, kí ẹ wá ibi tí odò ti gé òkúta.

Àpáàdì kò nílò kọ́ńpáàsì rárá. Òótọ́ ni pé àpáàdì ló tó ko iná lójú, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ìkòkò náà kúrò níbi tí wọ́n ti sun ún, a kò mọ ibi tó kọjú sí mọ́. Bí agbára òòfà ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ yẹn nìkan ló lè sọ, nípa ọ̀nà tí Émile àti Odette Thellier fi lélẹ̀ ní 1959: wọ́n á máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi òòfà tí wọ́n mọ bó ṣe tó rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ yan èyí tó pupa láti òde dé inú. Èyí tí àárín rẹ̀ dúdú kò jinná tán, irin inú rẹ̀ á yí padà bí wọ́n bá tún mú un gbóná, gbogbo iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ojú òde rẹ̀, nítorí bí amọ̀kòkò ṣe fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ló tẹ́ àwọn horo irin sílẹ̀ lápá kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe fún ìyẹn.

Ṣé fóònù lè dípò Brunton? Fún àkókò àti ibi tí ẹ wà, bẹ́ẹ̀ ni. Fún àríwá, rárá: òòfà ẹnu gbohùngbohùn rẹ̀ àti èyí tó wà nínú àpò aláwọ̀ rẹ̀ á máa tàn án, ó sì lè fi dígírì púpọ̀ ṣìnà láìsọ fún yín. Ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ ni Phyphox, áàpù ọ̀fẹ́ láti yunifásítì Aachen ní Jámánì, tó ń fi iye òòfà hàn ní microtesla. Ẹ mú un rìn lórí ilẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́: bí ó bá kúrò ní nǹkan bí 33 lójijì, ó ṣeé ṣe kí ìdàrọ́ tàbí ilẹ̀ tí iná ti sun wà nísàlẹ̀. Àwọn kọ́ńpáàsì onírọ́bà olówó pọ́ọ́kú náà wà, òǹkà wọn jẹ́ dígírì méjì méjì tàbí márùn-ún, kò sì sí ohun tó ń sọ pé àpótí dọ́gba. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ń wá ọ̀nà oko. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká owó Brunton, kó ra kọ́ńpáàsì Suunto tí wọ́n ṣe fún agbègbè tí òòfà ti sùn, kó fi ṣe ti POP tí òkè rẹ̀ dọ́gba. Èyí tí kò dọ́gba, tí ó nílò ìdagẹ̀rẹ̀, Brunton ni kó yá fún ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá sì ń lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, kó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì Ọgbà Ìtura Orílẹ̀-Èdè ní Ìsokùn, Ọ̀yọ́, àti lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ pé òun yóò gé ilẹ̀ ààrò kúrò. Ìwé àṣẹ láti ya àwòrán nìkan kò ní gbé e dé ibi tí yóò ti po POP.